Ẹja Ńlá Tó Wà Lára Àpò Oúnjẹ Máníjà

Ẹni tó bá wọ ilé ìtẹ̀wé náà láàárọ̀, ológbò ni yóò kọ́kọ́ rí. Kò ní í rí Bàbá Atẹ̀wé, nítorí Bàbá á ti bẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn ẹ̀rọ, á máa fi àkísà nu ìdí rẹ̀ bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun. Kò ní í rí ọmọ Bàbá, nítorí òun náà á ti tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà nínú yàrá kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ológbò á wà lórí ìdì bébà tó ga jù, á ká ọwọ́ sábẹ́ àyà, á sì máa wo àlejò láti orí dé ẹsẹ̀ bí ẹni fẹ́ bi í pé, "Ta ló ránṣẹ́ pè ọ́?"

Ìdí tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Máníjà nìyẹn. Kì í kí èèyàn, kì í gbé ẹrù, kò sì sẹ́ni tó jẹ́ lé e dìde lórí ìjókòó rẹ̀. Iṣẹ́ kan ló ń ṣe, ó sì ń ṣe é dáadáa: eku kankan kò gbọdọ̀ fẹnu kan bébà nílé yẹn.

Iṣẹ́ kejì tó ń ṣe, wọn kì í sọ ọ́ síta. Láti ìgbà tí ìyàwó Bàbá ti kú, Máníjà nìkan ni Bàbá ń bá sọ̀rọ̀ tó gùn. Bí èèyàn bá kí Bàbá, gbólóhùn kan ló fi ń dáhùn. Ṣùgbọ́n bí Máníjà bá wọlé, ìròyìn bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: irú bébà tí wọ́n gbé wá, orúnkún tó ń dun òun, ẹ̀rọ tó ń wúkọ́ ju òun lọ. Ọmọ rẹ̀ a máa gbọ́ ọ láti inú yàrá, ọkàn rẹ̀ a sì balẹ̀ pé bàbá òun kúkú rí ẹni bá sọ̀rọ̀.

Ojú Àwòdì ni Bàbá ń pe ọmọ náà. Ó ti nílé ọkọ, ó ti lọ́mọ, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kì í mọ́ kó má wá síbi iṣẹ́ bàbá rẹ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó ka ohun gbogbo kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Lẹ́tà tó bá sọnù, á rí i. Ìlà tó bá wọ́ díẹ̀, á rí i. Àwọn oníbàárà máa ń ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí eṣinṣin bá bà lórí ìwé, Ojú Àwòdì á ní kí wọ́n yọ àmì yẹn kúrò.

Lọ́jọ́ kan, oníbàárà kan tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín wọlé. Oúnjẹ ẹran ọ̀sìn ló ń tà, ẹ̀rín ló sì máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ó ní òun kó oúnjẹ ológbò tuntun kan dé, òun sì fẹ́ kí Bàbá bá òun ṣe àpò rẹ̀.

"Bàbá, ẹja ni mo fẹ́ lára rẹ̀. Ẹja ńlá. Kí ológbò fúnra rẹ̀ rí i kó fẹ́ fò mọ́ àpò."

"Ìyẹn ò le," ni Bàbá wí.

Bàbá sì mọ àwòrán yà. Ó ya ẹja kan tí ìpẹ́ rẹ̀ ń kọ mànà, tí omi ṣì ń kán ní ìrù rẹ̀. Ojú Àwòdì to ọ̀rọ̀ sí i lára, ó kà á, ó tún un kà, ó ní kò sí àṣìkọ. Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí Ẹlẹ́rìn-ín wá kó àpò rẹ̀, inú rẹ̀ dùn débi pé ó fi àpò oúnjẹ bíi mélòó kan ta Máníjà lọ́rẹ, ó sì ń mú òmíràn wá ní gbogbo ìgbà tó bá ń kọjá.

Láti ọjọ́ náà, Máníjà ò jẹ nǹkan mìíràn mọ́. Oúnjẹ náà ń ta sánsán, ó sì ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè bóyá ó dára, Bàbá á gbé àpò náà sókè.

"Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Wo bí àwọ̀ yìí ṣe mọ́. Àpò tí mo fọwọ́ ara mi tẹ̀, ṣé mo tún wá máa fura sí i ni?"

Ọ̀rọ̀ náà sì jọ òótọ́. Ẹni tó bá ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ tẹ̀wé, ìtẹ̀ ló fi ń mọ ènìyàn gidi. Bí wọ́n bá gbé ìwé tí àwọ̀ rẹ̀ yà bàrá fún Bàbá, kò ní kà á, á ní ẹni tí kò lè to àwọ̀ ò lè to ọ̀rọ̀.

Oṣù ń gorí oṣù. Irun Máníjà kọ́kọ́ ṣá, ó ń já sórí bébà. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í sùn láàárọ̀, sùn lọ́sàn-án. Ó rù tó bẹ́ẹ̀ tí egungun ẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Níkẹyìn, ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó fò láti orí ìdì bébà sórí tábìlì tí wọ́n ti ń gé ìwé, fífò tó ti ń fò láti kékeré, ó sì fò kọjá etí tábìlì. Ilẹ̀ ló bá ara rẹ̀.

Máníjà dìde, ó ń lá èjìká rẹ̀ bí ẹni pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni.

"Íńkì ni," Bàbá sọ. "Òórùn íńkì yìí ló ń mú un lójú."

Ó ṣí gbogbo fèrèsé. Ó pààrọ̀ epo tó fi ń fọ ẹ̀rọ. Kò sí àyípadà. Ojú Àwòdì jókòó ti kọ̀ǹpútà rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò fi í lọ́rùn sílẹ̀. Inú íńkì ni wọ́n bí Máníjà sí. Ìyá rẹ̀ bí i sínú páálí kan lẹ́yìn ẹ̀rọ gan-an.

"Bàbá, bó bá jẹ́ íńkì ni, ṣé kì bá ti mú un láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ? Kí ló yí padà lọ́dọ̀ wa láìpẹ́?"

"Kò sóhun tó yí padà. Ibi kan náà, ẹ̀rọ kan náà, arúgbó kan náà."

"Oúnjẹ rẹ̀ ńkọ́?"

"Oúnjẹ wo? Ẹja ló ń jẹ."

Ojú Àwòdì pe dókítà àwọn ẹran ọ̀sìn tó wà ní òpópónà kejì. Dókítà ní kí wọ́n gbé ológbò wá láìjáfara, kí wọ́n sì mú oúnjẹ tó ń jẹ dání, tàpò tàpò. Bàbá fi aṣọ wé Máníjà, ó gbé e mọ́ àyà, kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ òun lójú ọ̀nà.

Obìnrin tó tutù ni dókítà náà, ọwọ́ rẹ̀ kì í yára. Ó fi ẹ̀rọ ìgbọ́kàn sí àyà Máníjà, ó sì gbọ́ ọ títí. Ó tan iná kékeré kan sí ojú rẹ̀, ó wò ó, ó tún un wò.

"Kí ló ń jẹ, Bàbá?"

Bàbá gbé àpò lé orí tábìlì, ó kọ ojú ẹja sí dókítà. "Ẹja ni. Ẹ wò ó."

"Mo rí ẹja tó wà lára àpò. Èyí tó wà nínú rẹ̀ ni mò ń béèrè."

"Ṣé èyí tó wà lára rẹ̀ kọ́ ló wà nínú rẹ̀ ni?"

Dókítà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó yí àpò náà padà, ó fọwọ́ tọ́ka sí ọ̀rọ̀ kéékèèké tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì kọjú sí Ojú Àwòdì. "Ẹ bá mi ka ibí yìí."

"Dókítà, èmi gan-an ni mo to èyí. Kò sí àṣìkọ kankan níbẹ̀."

"Mi ò béèrè àṣìkọ. Mo ní kí ẹ kà á."

Ojú Àwòdì bẹ̀rẹ̀ sí í kà. "Ìyẹ̀fun àgbàdo. Èèrí àgbàdo. Ìrẹsì. Àgbàdo lílọ̀. Òróró. Iyọ̀." Ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀. "Àwọ̀. Èròjà tó ń ta sánsán bí ẹja."

"Ẹja wá dà?" Bàbá béèrè.

Dókítà ní kí Ojú Àwòdì má tíì dúró, ó ku ìlà kan. Ìlà náà ló kéré jù nínú gbogbo wọn, etí àpò gan-an ló wà.

"'Ìpanu ni èyí,'" Ojú Àwòdì kà. "'Ẹ máa fún ológbò ní ìwọ̀nba rẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ gidi. Ẹ má fi rọ́pò oúnjẹ.'"

Ó rántí ìlà yẹn dáadáa. Ó rántí pé ó ti fẹ́ẹ́ fara kan ibi tí ọ̀bẹ máa gé, tí òun sì rọra tì í wọlé kó má bàa já. Gbogbo ẹ̀ ló rántí, àfi ohun tí ìlà náà ń sọ. Àwòdì rí adìyẹ, kò mọ̀ pé adìyẹ ni.

Bàbá fà sún mọ́ tábìlì. "Dókítà, ẹ má bínú o, mo fẹ́ mọ̀ ni. Kí ni àgbàdo ṣe fún un? Èmi náà ń jẹ àgbàdo, mo sì darúgbó."

"Ẹ̀yin kì í ṣe ológbò, Bàbá. Èèyàn lè jẹ ewébẹ̀ àti ọkà kó sì yè. Ajá pàápàá lè fara mọ́ ọn díẹ̀. Ṣùgbọ́n ológbò, ẹran ló fi ń gbé ara ró. Àwọn èròjà kan wà tí ara rẹ̀ ò lè ṣe fúnra rẹ̀ tó bó ṣe yẹ, àfi kó rí i jẹ. Ọ̀kan nínú wọn ni wọ́n ń pè ní tọ́ríìnì. Inú ẹran àti ẹja ló wà, ó wà nínú ọkàn àti ẹ̀dọ̀ ẹran pẹ̀lú. Ẹ lè lọ odindi oko àgbàdo kan kúnná, ẹ ò ní rí i níbẹ̀."

"Bí kò bá wá rí i jẹ ńkọ́?"

"Kì í hàn lójú ẹsẹ̀. Tó bá pẹ́, ọkàn rẹ̀ á máa rẹ̀ ẹ́, kò ní lè ti ẹ̀jẹ̀ dáadáa mọ́. Ojú rẹ̀ náà á máa bàjẹ́ láti inú. Ohun tí mò ń fura sí lára Máníjà nìyẹn. Ṣùgbọ́n màá gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò, torí àìsàn mìíràn lè jọ ọ́."

Bàbá gbé ọwọ́ lé orí ológbò rẹ̀. "Ṣé ó máa kú ni?"

"Mi ò ní í parọ́ fún yín. Tó bá jẹ́ ohun tí mo rò ni, ọkàn lè padà bọ̀ sípò, torí ẹ gbé e wá kó tó pẹ́ jù. Ojú tó bá ti bàjẹ́ kì í sábà padà."

Ẹkún ò sí nínú ọ̀rọ̀ Bàbá, ṣùgbọ́n ó jókòó. Ó ní òun ló tẹ àpò náà. Ó ní òun ló ya ẹja tí kò sí níbẹ̀, òun ló sì tún bu oúnjẹ náà sínú abọ́ láràárọ̀. Ojú Àwòdì di èjìká rẹ̀ mú. Òun náà ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé bí a bá ń sunkún, à máa ríran.

"Dókítà, ẹ kọ́ wa bí a ṣe máa mọ èyí tó dára. A ò fẹ́ ṣi ọwọ́ mú lẹ́ẹ̀kejì."

Dókítà ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó kó àpò òfìfo mẹ́ta jáde. Ó máa ń tọ́jú wọn fún irú ọjọ́ báyìí. Ó tò wọ́n síwájú Bàbá.

"Bàbá, èwo lẹ máa rà nínú àwọn yìí?"

Bàbá gbàgbé ìbànújẹ́ rẹ̀ díẹ̀. Ó yọ awò kékeré tó fi ń wo ojú ìtẹ̀ látinú àpò ẹ̀wù rẹ̀, ó dì í mọ́ ojú, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́ àpò àkọ́kọ́. Lẹ́tà aláwọ̀ wúrà ló wà lára rẹ̀. "Èyí. Ẹni tó tẹ èyí mọṣẹ́." Ó wo èkejì, ó mi orí. Nígbà tó dé ìkẹta, ó yọ awò kúrò lójú. "Àwọ̀ méjì péré, àwọn méjèèjì ò sì bá ara wọn mu. Atẹ̀wé tó ṣe èyí, ṣe ló yẹ kí wọ́n gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ rẹ̀."

"Ó dáa. Ẹ wá fi awò yẹn wo ẹ̀yìn wọn."

Ojú Àwòdì ló kọ́kọ́ ka ẹ̀yìn àpò aláwọ̀ wúrà. Ẹran adìyẹ tútù ló ṣíwájú. Bàbá ní ṣé ẹ rí i. Ṣùgbọ́n Ojú Àwòdì ò dákẹ́, ó ń ka ìyókù sínú, ó wá gbójú sókè.

"Dókítà, àgbàdo fara hàn lẹ́ẹ̀mẹ́ta níbí. Ìyẹ̀fun rẹ̀, lílọ̀ rẹ̀, èèrí rẹ̀. Kí ló dé tí wọn ò kọ ọ́ pọ̀?"

Inú dókítà dùn sí ìbéèrè náà. "Bí ohun kan bá ṣe wúwo tó nínú oúnjẹ ni wọ́n ṣe ń tò ó. Èyí tó wúwo jù ló máa ń ṣíwájú. Tí wọ́n bá wá pín àgbàdo sí mẹ́ta, ọ̀kọ̀ọ̀kan á fúyẹ́, adìyẹ á sì ríbi jókòó síwájú. Ẹ pa àwọn ọmọ ìyá mẹ́ta yẹn pọ̀ wò."

"Àgbàdo ló máa ṣíwájú."

"Ó sì tún kù. Wọ́n wọn adìyẹ yẹn ní tútù. Omi ló pọ̀ jù nínú ẹran tútù. Tí wọ́n bá gbẹ ẹ́ di oúnjẹ, ẹ wo bó ṣe máa kéré tó."

"Háà," ni Bàbá wí. Ó fi awò wo ibẹ̀ fúnra rẹ̀, bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé olè kan sápamọ́ sáàárín àwọn lẹ́tà. "Ẹ̀tàn ni kẹ̀?"

"Wọn ò parọ́ o. Gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ ni wọ́n kọ. Ẹni tó ń rà á ló yẹ kó mọ bí wọ́n ṣe ń kà á."

Àpò kejì ní "ẹran àti ohun tó jẹ mọ́ ẹran" ló wà nínú òun. Ojú Àwòdì kà á lẹ́ẹ̀mejì. "Ẹran kí ni?"

"Ìbéèrè tó yẹ kẹ́ ẹ máa bi gbogbo àpò nìyẹn. Tó bá sọ orúkọ ẹran náà, adìyẹ, màlúù, ẹja báyìí, ó dáa. Tó bá kàn ní ẹran, tí kò dárúkọ, ẹ fura díẹ̀. Kò túmọ̀ sí pé ó burú, ẹ ò kàn mọ̀ ni."

Àpò kẹta, ìyẹn tí Bàbá fi atẹ̀wé rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, ni adìyẹ gbígbẹ ṣíwájú nínú rẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ ẹ̀dọ̀ àti ọkàn adìyẹ, lẹ́yìn rẹ̀ ẹja, kí ìrẹsì tó wá tẹ̀ lé e. Tọ́ríìnì wà nínú ohun tí wọ́n fi kún un. Bàbá yínmú.

"Ẹ̀dọ̀ àti ọkàn? Ṣé àwọn nǹkan inú ẹran ni wọ́n kó sí i?"

"Bàbá, bí Máníjà bá pa eku, ṣé ẹ̀ ń bá a yọ nǹkan inú rẹ̀ dànù ni?"

Bàbá rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. Ó ní òun ò tíì bá a dúró nídìí oúnjẹ débẹ̀.

"Ohun tó dára fún un nìyẹn," dókítà wí. "Èyí tí kò wu àwa ló ń ṣe ológbò lóore. Ìrẹsì tó wà níbẹ̀ náà kì í ṣe májèlé, ẹran ṣáá ló gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀gá. Ẹ wá wo ìlà yìí, òun ni mo máa ń kọ́kọ́ wá."

Ojú Àwòdì kà á sókè: "'Oúnjẹ tó pé, tó ní gbogbo èròjà tí ológbò tó ti dàgbà nílò lójoojúmọ́.'"

"Tí ẹ ò bá rí irú ọ̀rọ̀ yìí, tàbí tó bá ní ìpanu lòun, ẹ má fi ṣe oúnjẹ. Ẹ wo ọjọ́ orí tí wọ́n ṣe é fún, torí ti ọmọ ológbò yàtọ̀. Ẹ wo ọjọ́ tó máa bàjẹ́."

Bàbá gbé àpò kẹta náà sókè sí ìmọ́lẹ̀. Ó wo àwọ̀ méjì tí kò bá ara wọn mu, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó tún yí i padà síwájú. "Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè," ló sọ. "Mo ti ń wo iwájú àpò láti ìgbà tí mo ti ń tẹ̀ ẹ́. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀yìn ni ọ̀rọ̀ wà."

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ jáde, bí dókítà ṣe fura ló rí. Ó fún wọn ní tọ́ríìnì tí wọ́n á máa pò mọ́ oúnjẹ. Ó kìlọ̀ pé kí wọ́n má ṣe pààrọ̀ oúnjẹ lójijì, kí wọ́n máa bu tuntun díẹ̀díẹ̀ mọ́ ti tẹ́lẹ̀ títí inú ológbò á fi mọ́ ọn lára. Ó ní bó bá kọ oúnjẹ pátápátá fún ọjọ́ kan, kí wọ́n tètè pe òun, nítorí ológbò tí kò jẹun kì í ṣe ohun tí à ń dúró wò.

Máníjà kò sì jẹ́ kó rọrùn. Nígbà àkọ́kọ́, ó gbóòórùn abọ́ náà, ó fọwọ́ wa ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ẹni fẹ́ bò ó mọ́lẹ̀, ó sì rìn kúrò. Bàbá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tòun ti orúnkún tó ń dùn ún. Ó dín tuntun kù, ó fi ti tẹ́lẹ̀ kún un. Ó ń bẹ̀ ẹ́. "Ọ̀gá mi, ẹ dákun. Ẹ tọ́ ọ wò. Mi ò ní í parọ́ fún yín mọ́." Ojú Àwòdì ń gbọ́ ọ láti inú yàrá, iṣẹ́ tó wà níwájú rẹ̀ kò ṣeé kà mọ́ nítorí omi ojú. Nígbà tó yá, ó gbọ́ ohùn eyín tó ń rún nǹkan, kẹ́rẹ́, kẹ́rẹ́, ó sì mí kanlẹ̀.

Díẹ̀díẹ̀ ni irun Máníjà ń dán padà. Ó sanra. Dókítà gbọ́ ọkàn rẹ̀, ó ní ó ti ń lágbára. Ṣùgbọ́n nípa ojú, bó ṣe sọ ló rí: kò ríran dáadáa mọ́. Ìrántí ló fi ń rìn. Ó mọ ibi tí tábìlì wà, ó mọ ibi tí àpótí ìjókòó wà, bó bá sì fẹ́ fò, ibi tó ti mọ̀ ló ń fò sí. Bàbá wá ṣòfin pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sún ohunkóhun kúrò ní àyè rẹ̀ nílé iṣẹ́ náà.

Ẹlẹ́rìn-ín ò mọ òfin yìí nígbà tó tún dé. Àpò rẹ̀ ti tán, ó fẹ́ kí wọ́n tẹ òmíràn. Bó ṣe ń kí Bàbá ló fa àpótí kan, ó sì jókòó lé e.

"Bàbá, àpò yẹn ń tà o. Ẹja yín ló ń tà á. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ jẹ́ kó tún tóbi sí i."

Kí Bàbá tó dáhùn, Máníjà gbéra láti orí ìdì bébà, ó fò síbi tí àpótí máa ń wà. Kò sí àpótí níbẹ̀. Ó ṣubú lulẹ̀ lẹ́sẹ̀ Ẹlẹ́rìn-ín.

Ojú Àwòdì ti sáré jáde. Bàbá gbé ológbò náà, ó yẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò, ó sì gbé e lé itan.

"Kí ló ṣe é?" Ẹlẹ́rìn-ín béèrè.

"Oúnjẹ ẹ ni," Bàbá wí. "Òun nìkan la fún un jẹ."

Ẹ̀rín kúrò lójú ọkùnrin náà. "Bàbá, ìpanu ni o. Mo kọ ọ́ síbẹ̀. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ síbi tí mo ti rà á ni mo ní kí Àǹtí ọmọ yín yìí kọ ọ́. Mo rò pé àwọn èèyàn máa kà á."

"Èmi tí mo tẹ̀ ẹ́, mi ò kà á. Ọmọ mi tó tò ó, lẹ́tà ló kà, kò ka ọ̀rọ̀. Ta lo wá fẹ́ kó kà á?"

Ẹlẹ́rìn-ín wo ológbò, ó wo ilẹ̀.

"Màá tẹ àpò ẹ fún ẹ," Bàbá ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, "ṣùgbọ́n mi ò ní í ya ẹja sí ohun tí kò sí ẹja nínú rẹ̀ mọ́. Ibi tí ẹja yẹn wà, 'ìpanu' la máa kọ síbẹ̀, gàdàgbà gàdàgbà. Èyí tó wà lẹ́yìn á bọ́ síwájú."

"Bàbá, tí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, wọn ò ní rà á bíi ti tẹ́lẹ̀."

"Wọ́n á rà á gẹ́gẹ́ bí ìpanu. Ohun tó jẹ́ nìyẹn."

Ẹlẹ́rìn-ín ní òun á lọ rò ó. Ó dìde, ó sì dá àpótí padà síbi tó ti fà á, ó tún un sún díẹ̀, ó bi Ojú Àwòdì pé, "Ṣé ibí ni?" Ó pẹ́ kó tó padà wá. Nígbà tó dé, ó ní kí wọ́n kọ ọ́ bí Bàbá ṣe wí. Ó ní òun ń ta oúnjẹ náà fún àwọn ará àdúgbò òun, òun ò sì fẹ́ kí ológbò ẹlòmíràn ṣubú níwájú òun.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ológbò nílé, ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ẹ má ṣe fi àwòrán ra oúnjẹ. Ẹ yí àpò padà. Ẹ wò ó bóyá wọ́n kọ ọ́ pé oúnjẹ tó pé ni, tàbí ìpanu. Ẹ wo ohun tó ṣíwájú, kó jẹ́ ẹran tàbí ẹja tí wọ́n dárúkọ, ẹ sì ṣọ́ra fún ohun kan náà tí wọ́n bá pín sí ọ̀nà mẹ́ta. "Ta sánsán bí ẹja" kì í ṣe ẹja. Oúnjẹ ajá kì í ṣe oúnjẹ ológbò. Ẹ má fún un ní ohun tí àlùbọ́sà tàbí aáyù wà nínú rẹ̀, èyí tẹ́ ẹ sè fúnra yín pàápàá. Oúnjẹ olówó gọbọi kò fi dandan dára ju èyí tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n lọ. Ẹ̀yìn àpò ló ń sọ èyí tó dára.

Bí irun rẹ̀ bá ń ṣá, bó bá ń rù, bó bá ń sùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ tàbí tó ń ṣi ibi tó ń fò sí, ẹ má dúró, ẹ má sì dá a wò fúnra yín. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran ọ̀sìn, ẹ mú àpò oúnjẹ rẹ̀ dání, ẹ béèrè gbogbo ohun tí kò yé yín. Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

Ológbò ò mọ̀wé. Ohun tí wọ́n bá kọ sára oúnjẹ rẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa bá a kà á.